Ìjọ, Ìlú àti Ìjọba: Ìtàn Ìṣàkóso Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà tí orúkọ Pétérù Mímọ́ tàbí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ṣì wà lára pátákó rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìjọba ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé rẹ̀, ìjọ tó dá a sílẹ̀ ni àwọn òbí kọ́kọ́ máa ń sá tọ̀. Bí ìjà bá dé lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, àwọn ọmọ ẹbí tó fi ilẹ̀ náà tọrẹ ní ayé àwọn bàbá wọn yóò yọjú. Ta ló wá ni ilé-ìwé náà? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń darí rẹ̀?

Àríyànjiyàn lórí ìbéèrè yìí sábà máa ń mọ sí ààrin ìjọ àti ìjọba: ọ̀kan ní òun ló kọ́ ilé, èkejì ní òun ló ń sanwó. Àròkọ yìí wo ìtàn náà láti apá mìíràn. Ohun tó ń fà yọ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn onílé-ìwé ti jẹ́ mẹ́ta, ìyẹn ìjọ, ìlú àti ìjọba. Pé ibi tí ẹrù ilé-ìwé bá wà ni àṣẹ lórí rẹ̀ máa ń ṣí lọ. Àti pé ìlú, tó ru ẹrù púpọ̀ láìní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́, ni ẹni tí a gbàgbé nígbà tí òfin dé. Ìlànà ìjọ Áńgílíkà, tí ìwé ìtàn rẹ̀ pọ̀ jù lọ, ni a ó fi ṣe òpómúléró, a ó sì mẹ́nu ba ti àwọn ìjọ yòókù níbi tó bá ti yàtọ̀.

Ilé-ìwé tí kò lè dá dúró

Nígbà tí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ti CMS gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta, láàárín ọdún 1842 sí 1846, kò sí ìjọba amúnisìn kankan ní ilẹ̀ náà tó lè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ọwọ́ ọba àti àwọn ìjòyè ni ilẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ òbí kò sì rí èrè nínú pé kí ọmọ tó yẹ kó wà lóko tàbí nídìí iṣẹ́ ọwọ́ máa jókòó ti síléètì. Nítorí náà, ilé-ìwé àkọ́kọ́ jọ agboolé ju ilé-ẹ̀kọ́ lọ: òjíṣẹ́ ìjọ gba ọmọ sọ́dọ̀, ó ń bọ́ ọ, ó ń dáṣọ fún un, ó sì ń kọ́ ọ ní ìwé.

Ọ̀rọ̀ Ìbàdàn fi èyí hàn. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí ìlú náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kúdẹtì. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, sí ọ̀dọ̀ wọn láti kàwé. Lójú àṣà Yorùbá, ẹni tó fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kò ta ọmọ náà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti máa bèèrè bí ọmọ òun ṣe ń ṣe, kí ó sì mú un padà bí ohun tó rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀tọ́ tí òbí ní láti bèèrè yìí ni gbòǹgbò ìṣàkóso ilé-ìwé ìjọ, ó sì ti wà kí ìgbìmọ̀ tàbí òfin kankan tó dé. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà etíkun láàárín 1860 sí 1865, tí owó ìlú òyìnbó kò wọlé déédéé mọ́, tọkọtaya náà ní láti ta lára ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn má baà sùn lébi. Ilé-ìwé tó wà láàárín ìlú kò lè fi ẹnu tí òkèèrè nìkan jẹun.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó òjíṣẹ́ ìjọ kúrò nílùú. Àwọn àlùfáà àti olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ló di iṣẹ́ náà mú lẹ́yìn wọn. Bákan náà ló rí ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn Hinderer padà sílé ní 1869: Daniel Olúbí, tó dàgbà lábẹ́ ọwọ́ wọn, ni iṣẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Henry Venn, tó jẹ́ akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 sí 1872, ti ń kọ́ni pé kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ohun tí ó là sílẹ̀ nínú ìwé ni ogun àti ìlékúrò sọ di dandan.

Owó ìrànwọ́ àti ọ̀rọ̀ èdè

Èkó di ilẹ̀ abẹ́ òyìnbó ní 1861, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ìjọba tó ná owó tó nítumọ̀ lórí ilé-ìwé. Ní 1877, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìjọ CMS, Mẹ́tọ́díìsì àti Kátólíìkì ní £200 lọ́dọọdún, ẹnìkọ̀ọ̀kan. Owó yìí kò mú ìbéèrè púpọ̀ dání. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ti 1882, tí wọ́n ṣe fún Gold Coast àti Èkó papọ̀, ló yí i padà. Láti ìgbà náà, owó ìrànwọ́ di ohun tí a ń fi iye ọmọ tó wà ní kíláàsì àti èsì ìdánwò wọn díwọ̀n. Olùbẹ̀wò ìjọba, Metcalfe Sunter, ń wá yẹ ilé-ìwé wò. Ó sì di dandan kí ilé-ìwé tó bá fẹ́ owó ní ẹni kan tí ìjọba mọ̀ tí yóò máa jíhìn fún un. Ẹni náà ni a wá ń pè ní máníjà.

Ipa òfin yìí kọjá ọ̀rọ̀ owó. Kíka àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sanwó fún. Kò yọ kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé CMS, lẹ́yìn tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe wàhálà gidi láti sọ ọ́ di èdè tí a ń kọ sílẹ̀. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ àti àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó fi ohùn àìtẹ́lọ́rùn hàn, ṣùgbọ́n máníjà tó bá fẹ́ kí owó wọlé mọ ohun tí yóò jẹ́ kí ọmọ yege níwájú olùbẹ̀wò. Ìjọba kò gba ilé-ìwé kankan lọ́wọ́ ìjọ ní 1882. Síbẹ̀ ó ti wọ inú kíláàsì, ó sì ti yan èdè tí olùkọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ nìyí nínú ìtàn yìí pé ẹni tó ru ẹrù ló ń darí ọ̀nà.

Òfin 1887, tí wọ́n ṣe fún Èkó nìkan lẹ́yìn tó ya kúrò lára Gold Coast, fìdí ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ múlẹ̀. Ti 1926, tó tẹ̀lé ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, ló tún le jù. Kò sí olùkọ́ tó lè ṣiṣẹ́ láìforúkọsílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọ tó lè ṣí ilé-ìwé tuntun láìgba àṣẹ. Ìlànà tuntun náà gba èdè abínibí láyè ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀. Ohun tí owó ìjọba ti tì jáde ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú, àṣẹ ìjọba ló tún mú un wọlé.

Bí iṣẹ́ ṣe pín

Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, ohun tó ń lọ ní ilé-ìwé ìjọ ní ìlú kékeré tàbí abúlé kọjá ohun tí òfin kọ sílẹ̀. Lójú òfin, máníjà ni gbogbo nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀: òun ló ń gba olùkọ́ sí iṣẹ́, tó ń ṣí wọn nípò, tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ìrànwọ́. Ní ìjọ Áńgílíkà, àlùfáà tó ń bójú tó àgbègbè ló sábà máa ń jẹ́ máníjà; ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, alábòójútó sákìtì ni; láàárín àwọn Kátólíìkì, Fadá ni. Àwọn Onítẹ̀bọmi, tí ìjọ kọ̀ọ̀kan wọn ń dá ara rẹ̀ ṣàkóso, fi àyè tó fẹ̀ jù sílẹ̀ fún ìpàdé ìjọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n máníjà kan lè ní ilé-ìwé púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì máa gun kẹ̀kẹ́ tàbí kí ó máa fẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé abúlé. Kò lè wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ọ̀gá ilé-ìwé, tí a mọ̀ sí hẹ́dímásítà. Òun ló ń kọ ìwé ìwọlé ọmọ, ìwé ìpè àti ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ilé-ìwé. Lọ́pọ̀ ibi, òun náà ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin, tó ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, tó sì ń dúró fún àlùfáà nígbà tí àlùfáà bá lọ sí abúlé mìíràn. Samuel Ayọ̀délé Ṣóyínká, bàbá Wọlé Ṣóyínká, ni ọ̀gá ilé-ìwé Pétérù Mímọ́ ní Aké, Abẹ́òkúta. Ìwé *Aké* tí ọmọ rẹ̀ kọ fi hàn bí ilé hẹ́dímásítà, ilé àlùfáà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ṣe wà nínú ọgbà kan ṣoṣo. Níbi tí ilé wọn bá ti sún mọ́ra báyìí, ó ṣòro láti sọ ibi tí àṣẹ ìjọ ti parí tí ti ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn àwọn méjèèjì ni ìgbìmọ̀ ìjọ wà, pẹ̀lú Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ. Orúkọ oyè wọ̀nyí kò sí nínú ìwé òfin ìjọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Inú ètò ìlú ni a ti mú wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń wá owó: owó ilé-ìwé tí òbí ń san, owó kíláàsì tí ọmọ ìjọ ń dá, àti owó ìkórè. Baálẹ̀ àti àwọn ẹbí ló fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìlú ló po amọ̀, tí wọ́n mọ ògiri, tí wọ́n sì gbé òrùlé lé e. Àwọn obìnrin ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí ògiri kò nílò ìwé kí ó tó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá bá ń na ọmọ nínà àlébù, tàbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé olùkọ́ tó mọṣẹ́ lọ sí ibòmíràn. Àwọn àgbà yóò kó ara wọn jọ lọ bá àlùfáà. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún: lórí òwe yìí ni ètò tí kò sí nínú òfin náà dúró.

Àwọn tí kò ní ìjókòó

Àṣìṣe ni yóò jẹ́ láti pe ètò yìí ní ìjọba gbogbo ènìyàn. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń san owó ilé-ìwé, wọ́n sì ń bá ìlú kọ́ ilé, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ìgbìmọ̀ ìjọ. Òfin ní kí ilé-ìwé gba ọmọ láìwo ẹ̀sìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì, láti orí àdúrà òwúrọ̀ dé orí orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ jáde, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí àwọn òbí kò ṣe ní ìjókòó níbi tí a ti ń pinnu èyí wà lára ohun tó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì ṣí ilé-ìwé tirẹ̀.

Olùkọ́ pàápàá kò ní ìjókòó tó dúró. Ìwà rẹ̀ nílé àti ipò rẹ̀ nínú ìjọ lè mú kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó kejì nìkan tó. Owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní ilé-ìwé ìjọba. Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ìjọ, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú sílẹ̀ ní 1926. Nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ gbogbo Nàìjíríà, NUT, bẹ̀rẹ̀ ní 1931, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1954. Ẹgbẹ́ náà béèrè pé kí owó oṣù àti ètò iṣẹ́ olùkọ́ wà ní ìṣọ̀kan káàkiri. Ìbéèrè yìí tọ́, ṣùgbọ́n ìjọba nìkan ló ní agbára láti dáhùn rẹ̀. Bí olùkọ́ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ máníjà ni ó ń sún mọ́ olú-ìlú, tó sì ń jìnnà sí abúlé.

Ọdún 1955

Ìròyìn tí Sydney Phillipson kọ ní 1948 lórí owó ìrànwọ́ ilé-ìwé jẹ́wọ́ ipa ìlú lọ́nà tí òfin kankan kò tíì gbà ṣe é. Nínú ìṣirò rẹ̀, a ó kọ́kọ́ gbà pé àwọn ará àdúgbò yóò dá iye kan, ìjọba yóò sì fi ìyókù kún un. Nínú ètò yìí, ìlú ti di ẹni tí a ń kà mọ́ àwọn tó ń gbọ́ bùkátà ilé-ìwé.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí padà. Ní 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Àǹfààní rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ tán: ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò rí owó ilé-ìwé san wọ kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìjọ kò pàdánù ilé-ìwé rẹ̀ ní 1955. Máníjà ṣì wà, orúkọ ṣì wà lára pátákó, ẹ̀kọ́ Bíbélì ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé tí ìgbìmọ̀ ìjọ ń gbà ní ọwọ́ òbí ti dópin, owó oṣù olùkọ́ sì ń ti ìṣúra ìjọba wá. Kí ló wá kù tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé lórí? Òbí tó ti ń fi owó rẹ̀ lé ẹni tó mọ̀ lọ́wọ́ wá ń san owó orí fún ẹni tí kò mọ̀. Nítorí náà, bí a bá ń wá ọjọ́ tí àṣẹ kúrò ní abúlé, 1955 ni ó yẹ kí a wò, ní nǹkan bí ogún ọdún kí ìjọba tó gba ilé-ìwé.

Iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ifẹ̀ fi hàn pé ilé-ìwé ìjọ ṣì lè gba ohun tuntun láyè ní ìgbà náà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ ní èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ilé-ìwé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, ilé-ìwé tí ìjọ dá sílẹ̀. Èdè tí òfin 1882 kọ̀ láti sanwó fún rí ọ̀wọ̀ rẹ̀ gbà padà nínú irú ilé-ìwé tí òfin náà ti lé e jáde.

Gbígbà àti dídá padà

Láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976. Ní Èkó, ìwé ìjọba ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 1980 fẹ́ fi òpin sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni pátápátá. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì, Anthony Olúbùnmi Okogie, àti àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìdájọ́ 1981 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin orílẹ̀-èdè fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni tó dá ilé-ìwé sílẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ dáàbò bò. Ẹ̀tọ́ àdúgbò tó ń lo ilé-ìwé kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni bèèrè.

Láti ìgbà náà ni àṣẹ ti ń fò láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì lókè. Òfin 1988 dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ti 1991 fà á lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ti 1993 tún gbé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ padà. Ti 2004 mú ètò UBE àti ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ wá. Ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ilé-ìwé kan padà fún àwọn ìjọ. Àwọn tó gbà wọ́n padà ní láti bu owó lé òbí, nítorí pé ẹni tó gba àṣẹ padà gba ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú. Òbí tí kò lágbára owó náà kó ọmọ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ lè wà lára àwọn tó mọ ògiri ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara ti ilé-ìwé mẹ́wàá tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ pa ní Ìlọrin ní oṣù Kejì ọdún 2021, nítorí àríyànjiyàn lórí híjáàbù, ìjọ sọ̀rọ̀ bí onílé, ìjọba sọ̀rọ̀ bí olówó; ọmọ ló jókòó sílé.

Ìgúnlẹ̀

Láti 2005 ni ìlànà ìjọba ti béèrè pé kí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, tí aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, òbí, olùkọ́, obìnrin ìlú, àwọn tó jáde níbẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn yóò wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ohun tuntun. Ẹni tó bá mọ ìtàn ilé-ìwé ìjọ yóò rí i pé ìjókòó àtijọ́ ni, tí a fi àga kún fún àwọn tí kò ní àga tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe gidi ni èyí, nítorí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè jọ jókòó síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kan náà kìlọ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọ lágbára nígbà tí ó ní ohun kan lọ́wọ́: owó ilé-ìwé, ilẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́, àti ọ̀nà láti dé iwájú máníjà tó lè gbọ́ ẹ̀dùn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tuntun tí kò lè sọ ohunkóhun lórí olùkọ́ tí a gbé wá tàbí tí a gbé lọ, tí a sì ń pè kìkì nígbà tí òrùlé bá ń jò, ẹrù nìkan ni a dá padà fún un, a kò dá àṣẹ padà. Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí igba ojú bá ń wò tí kò sí ẹnu kan tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, ìwòran ni wọ́n ń ṣe. Ìjọ ní ìwé ilẹ̀, ìjọba ní ìwé òfin. Títí a ó fi rí ọ̀nà láti kọ ẹ̀tọ́ ìlú náà sílẹ̀, ìjà lórí ẹni tó ni ilé-ìwé kò ní tán, yálà a gbà á ni tàbí a dá a padà.